Ìwé Tó Mọ Ìtumọ̀ Asán

Tí ẹ bá mọ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń yan aṣọ, ẹ ó mọ̀ pé a ò lè tètè délé lọ́jọ́ tó ní kí n sin òun lọ ra ìwé. Aránṣọ ni. Yóò fa aṣọ, yóò yí i padà wo inú rẹ̀, yóò fún un mọ́wọ́ wò bóyá ó máa rún, kó tó béèrè pé èló ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe sí ìwé.

Ìwé àlàyé lórí àwọn ìwé ọgbọ́n inú Bíbélì ló ń wá: Jóòbù, Òwe, Oníwàásù. Òun ló ń kọ́ kíláàsì àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n sì ti kan Oníwàásù. Ẹ̀gbọ́n mi ò gba gbẹ̀rẹ́ lórí Bíbélì. Ìwé tí òǹtàwé kọ́kọ́ gbé wá ní ìtàn àròsọ ni Jóòbù. Ó pa á dé, ó fi ìka tì í padà.

"Ẹ gbé èyí kúrò," ló wí. "Ẹni tó gba Bíbélì gbọ́ látòkèdélẹ̀ ni mo fẹ́ kó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi."

Òǹtàwé kó mìíràn wá. Ojú kan náà ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣí nínú gbogbo wọn, ìbẹ̀rẹ̀ Oníwàásù, níbi tí ọ̀rọ̀ asán wà. Ẹsẹ̀ ti ń ro mí.

"Àǹtí, ṣé asán nìkan lẹ wá rà ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Ohun tí bàbá àwọn ọmọ sọ kẹ́yìn nìyẹn."

Afẹ́táyà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ rẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Lọ́jọ́ tó kú, ìta yàrá ni mo wà, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló gbọ́ ọ. Ó wò ó, ó ní, "Asán ni gbogbo ẹ̀," kò sì sọ nǹkan míì mọ́. Àtìgbà náà lẹ̀rù ti ń ba ẹ̀gbọ́n mi pé bóyá ìgbàgbọ́ ọkọ òun ti yẹ̀, pé bóyá àwọn ò ní pàdé mọ́ lọ́run. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àfi èmi níbi ìwé yẹn. Inú mi bàjẹ́, mo sì jókòó sórí páálí ìwé.

Ìwé kan ní ẹni tí kò nírètí ló kọ Oníwàásù. Òmíràn fo ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Ó wá kan ìwé ńlá kan tí èèpo rẹ̀ ò fani mọ́ra rárá. Ó ń fi ìka tẹ̀ lé e, ó dúró, ó sì nà án sí mi.

"Kà á sókè."

Mo kà á. Ó ní ọ̀rọ̀ tí a ń pè ní asán, èémí ni ní èdè Hébérù. Ó ní kì í ṣe pé ayé ò wúlò, àmọ́ kò ṣeé dì mú. Ọlọ́run ló ṣeé dì mú.

"Èémí?"

"Èémí ni wọ́n kọ, Àǹtí."

"Afẹ́fẹ́ náà nìyẹn?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó tún ibẹ̀ wò dáadáa.

"Afẹ́fẹ́ ni bàbá àwọn ọmọ fi bọ́ wa," ló wí.

Ìgbà yẹn ló tó béèrè pé èló ni.