Okùn Tí Mo Gbé Lọ sí Lakowe

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí mo jáde nílé wa ní Abraham Adésànyà Estate. Àbúrò mi obìnrin ló dúró ti Màámi, nítorí láti ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ ti gba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn òsì, a kì í fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan. Lakowe tí mò ń lọ kò jìnnà, síbẹ̀ mo múra bí ẹni tó ń lọ sókè òkun: omi, búrẹ́dì, àti okùn funfun kan nínú báàgì.

Okùn yẹn ló gbé mi dìde. Ọ̀gá Tàjú, bíríkìlà ará Ìsẹ́yìn tó ń mọ fẹ́ǹsì wa, ló gé e lára okùn tí wọ́n fi ń wo bíríkì bóyá ó tò, ó so ó pọ̀, ó sì fi fún Màámi kí ọwọ́ má baà dilẹ̀. Kíá ni wọ́n ti kọ́ ọ mọ́ ìka. Eré okùn ìgbà èwe wọn ní Ìjẹ̀bú ni, èyí tí okùn máa ń di àwọ̀n tàbí afárá láàárín ìka. Ṣùgbọ́n wọn kò lè parí ẹ̀. Wọ́n á kàn nà án sí mi, wọ́n á ní, "Owó." Èmi náà á fún wọn lówó. Wọ́n á jù ú nù, omi á sì lé ròrò sí wọn lójú. Oṣù méjì la fi wà lẹ́nu ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé ọpọlọ wọn ló ń lọ. Ọ̀gá Tàjú ló sọ pé níbi tí òun ti ṣiṣẹ́ ní Lakowe, ìyá àgbà kan wà tó mọ eré náà.

Ẹgbẹ̀ta náírà ni kórópe, ọkọ̀ kékeré tí orúnkún ẹni ti ń bá ti ẹlòmíì jà. Lẹ́yìn Ṣàngótẹ̀dó, ọkọ̀ yanrìn ló gba títì. Nígbà tí a sún mọ́ pápá gọ́ọ̀fù, dẹ́rẹ́bà sọ pé èèyàn máa ń sanwó níbẹ̀ kí wọ́n lè bá a gbé báàgì igi tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó ní nílùú òun, ẹni tó bá fẹ́ ṣeré á gbé ẹrù eré ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Màmá Sàlámọ̀, ìyá àgbà tí mo wá rí, kọ́kọ́ fún mi ní ìkọ́kọrẹ́ àti ẹja yíyan. Nílé wa, ìrẹsì là bá fi ṣàlejò. Wọ́n ní etí ọ̀sà ni ìyá ìyá àwọn ti kọ́ eré okùn, nígbà tí àwọn ọmọdé ń dúró de àwọn apẹja, àti pé kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é. Mo ní tíṣà ni mí, kí wọ́n jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì ṣe é, okùn lọ́ mọ́ra, Màmá sì rẹ́rìn-ín títí.

"Tíṣà, tìẹ kọ́ ni ọwọ́ kejì," ni wọ́n wí. "Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Tí mo bá ti kọ́ tèmi, màá ní, 'Ọwọ́,' ẹnìkejì mi á sì na tiẹ̀ wá."

Ẹnu tó là dáadáa ló ń ya ọwọ́ sọ́tọ̀ lára owó, ẹnu Màámi kò sì là dáadáa mọ́. Èmi olùkọ́ Yorùbá ni, tí mo máa ń gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tó bá gbàgbé àmì abẹ́ ọ. Ojú tì mí, mo sunkún lójú Màmá Sàlámọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí n sun ún tẹ́rùn kí wọ́n tó kọ́ mi.

Ọ̀sán ni mo wọlé. N kò tíì bọ́ bàtà tí mo fi jókòó sápá òsì Màámi, mo sì kọ́ okùn mọ́ ìka wọn. Nígbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ wọn, mo na ọwọ́ òsì mi. Wọ́n fi orí júwe ibi tí màá fi ìka sí, wọ́n pòṣé nígbà tí mo ṣì í, títí àwọ̀n fi yọ láàárín wa.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá Tàjú àti ìyá Lakowe. Ìrìn yìí kọ́ mi pé kì í ṣe gbogbo ohun tí àgbà ń bèèrè ló wà nínú àpò. Mo ti fẹ́ máa fi fóònù ya àwòrán àwọ̀n náà, ṣùgbọ́n Màámi fa okùn, gbogbo ẹ̀ tú, wọ́n sì tún na ọwọ́ sí mi.