Èkejì Mi Lórí Ìlà Àyẹ̀wò

Ọdún méje ni èmi àti obìnrin kan fi ń pàdé ní Ọ̀yọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, níbi tí ìjọba ti ń yẹ àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì wò, bóyá a ṣì wà láàyè. Èmi ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, òun ń bọ̀ láti oko.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, oòrùn ń pa wá lórí ìlà, ó fi ìdajì ìborùn rẹ̀ bò mí lórí. Ó ní, "Ẹ sún mọ́bí jàre, ìlà yìí ò ní tán lónìí." Mo ní kó yé sọ "ẹ" sí mi, ẹgbẹ́ ni wá. Bá a ṣe di "Èkejì mi" fún ara wa nìyẹn. Ta ló tún ń bi èkejì rẹ̀ ní orúkọ inú ìwé ìjọba? Mi ò bi í, òun náà ò bi mí. Nọ́ńbà fóònù ńkọ́? Kí la fẹ́ fi ṣe, nígbà tí ìjọba ti ń bá wa dá ọjọ́ ìpàdé?

Ọkọ mi ti kú. Àwọn ọmọ mi wà lókè òkun. Tí wọ́n bá pè, ẹsẹ̀ kan ilé, ẹsẹ̀ kan ọ̀nà. Èkejì mi nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ láìwo aago. Mo máa ń ra wàrà ní Sábó lọ fún un, a ó sì jọ máa bú ìyàwó ọmọ rẹ̀ títí á fi kàn wá.

Àfi bí ìjọba ṣe ní ká má wá mọ́, orí fóònù la ó ti máa ṣe àyẹ̀wò náà. Ẹni tó bá mọ inú rò á mọ ọpẹ́ dá: mo ti rí àgbàlagbà tó dákú lórí ìlà yẹn, mo ti rí fáìlì tí ikán jẹ. Rédíò ní ìdàgbàsókè tó máa tọ́jọ́ nìyẹn, tí ọmọọmọ wa á jẹ nínú rẹ̀. Ó dáa, mi ò jiyàn. Mo lọ bá obìnrin oníkọ̀ǹpútà kan ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí. Ó gbé fóònù sí mi lójú.

"Ẹ ṣẹ́jú, mà. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

Ta ni kí n rẹ́rìn-ín sí? Mo ṣáà fa ètè. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ní wọ́n ti gbà pé mo wà láàyè. Mo jókòó síbẹ̀ bí ọ̀dẹ̀. Àárò Èkejì mi sọ mí gan-an.

Nígbà tó pé ọdún kan tí mi ò rí i, mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì àyẹ̀wò fún mi ní àga, mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ni mo ń wá.

"Màmá, ẹ má ṣèyọnu, gbogbo yín lẹ wà nínú ẹ̀rọ yìí. Kí lorúkọ wọn?"



"Èkejì mi ni mo ń pè é."

"Abúlé wọn ńkọ́, mà?"

"Oko lòun máa ń pè é."

Ó rọra gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ojú tì mí! Èmi olùkọ́, tí mo fi gbogbo ayé mi pe orúkọ ọmọ ọlọ́mọ nínú rẹ́jísítà láràárọ̀. Mo ní kó bá mi kọ orúkọ àti nọ́ńbà mi sílẹ̀, bóyá òun náà yóò wá bèèrè mi. Bó ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Èkejì mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Bó tilẹ̀ dé síbẹ̀ lọ́la láti wá mi, kò mọ ẹni tí yóò ní òun ń wá.