Àforíjì Tí Mo Tọrọ Níbi Kòkó Fífọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lónìí. Ojú ṣì ń tì mí díẹ̀, àmọ́ ọpẹ́ ló pọ̀ jù nínú mi.

Ẹni tó bá mọ̀ mí l'Ókè-Fìà tẹ́lẹ̀ mọ̀ pé tramadol fẹ́rẹ̀ẹ́ bayé mi jẹ́. Oṣù mọ́kànlá rèé tí mo ti fi í sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi sọ pé kí n wá àwọn tí mo ṣẹ̀ lọ. Bọ̀dá Múfú ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn.

Bọ̀dá Múfú ló ń bá Yèyé, ìyá tó bí màámi, ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ nínú oko kòkó wọn nítòsí Iléṣà. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Yèyé fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó tútù kó lè kan kí wọ́n tó sá a. Mo jí i kó, mo tà á, mo fi ra oògùn. Mo tún to ewé padà bíi pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀!

Ta ni wọ́n mú? Bọ̀dá Múfú ni. Lọ́jọ́ kòkó fífọ́, lójú gbogbo ará abúlé tó wá ṣe ọ̀wẹ̀, ni Yèyé pè é lólè. Mo jókòó síbẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí mo wá a lọ báyìí, mo rí i l'Ọ́jà Ọba l'Óṣogbo, ó ń ru ẹrù. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé èmi ni, àmọ́ ta ló máa gba òun gbọ́ tí ọmọ-ọmọ olóko bá wà níbẹ̀?

"Dìde, Ṣẹ́gun. Ibi tí wọ́n ti pè mí lólè ni kó o ti lọ sọ ọ́."

Yéè! Níwájú gbogbo abúlé? Ẹ̀rù bà mí pé ìtìjú yẹn lè lé mi padà sídìí oògùn. Nọ́ọ̀sì ní kí n má dá lọ. Mo bẹ Bọ̀dá Múfú kó tẹ̀ lé mi. Ó gbà!

Sátidé tó kọjá, a bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fọ́ kòkó. Àǹtí Dúpẹ́, aládùúgbò Yèyé, pariwo: "Ṣẹ́gun, o mà ti lẹ́ran lára! Ìgbà yẹn, atẹ́gùn ló ń gbé ẹ kiri!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Yèyé ò tiẹ̀ wò mí. Ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Múfú ni wọ́n lọ, wọ́n sì kúnlẹ̀. Yèyé mi, àgbàlagbà! "Múfú, dákun. Mo ba orúkọ rẹ jẹ́."

"Háà, Yèyé, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" Ó sáré gbé wọn dìde. "Alihamudulilahi, gbogbo wọn ti gbọ́."

Yèyé wá yíjú sí mi nílẹ̀: "Ìwọ, ṣé ibẹ̀ lo fẹ́ sùn sí ni? Dìde wá fọ́ kòkó!"

Bọ̀dá Múfú sún díẹ̀ lórí ìtì igi, mo jókòó tì í. Kò tíì sọ pé òun máa padà sóko. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti má padà bó bá wù ú.

Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹni tí a bà lórúkọ jẹ́ ní gbangba, gbangba náà la ti gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ṣì jẹ ní irú àforíjì yìí? Ẹ sọ ọ́ fún mi nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ níbí.