Ìgbọ̀nwọ́ Ìgànná

Ife ẹ̀yẹ kan wà lórí fíríìjì mi tí mo kórìíra ju ọkùnrin òkè ilé wa tó máa ń da omi ìdọ̀tí sórí aṣọ tí mo sá lọ. Ẹni tó bá wọlé á ní, "Háà, ẹ kú oríire o!" Oríire wo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ ọ́. Bí kì í bá ṣe pé àbúrò mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e síbẹ̀, ǹ bá ti sọ ọ́ sí ààtàn tipẹ́.

Àbúrò mi yìí, ọmọ ìyá mi ni. Ọdún mẹ́ta péré ni mo fi jù ú lọ. Ibi ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rìnlélógún: yàrá gígùn kan tí fèrèsé rẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹ̀rọ mẹ́jọ tó ń pariwo láti àárọ̀, sìmẹ́ńtì tó tutù nini nísàlẹ̀. Orí sìmẹ́ńtì yẹn ló máa ń dúró sí, tó ń fa aṣọ ibùsùn tó ti rin gbindin jáde nínú ẹ̀rọ, títí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ fi ní òun ò ṣe mọ́. Èmi ní tèmi, mo ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà. Ariwo ni iṣẹ́ mi. "Tẹ bíréèkì! Mo ní bíréèkì! Ṣé o fẹ́ pa wá ni?" Ẹni tó bá ń pariwo láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú kì í tètè mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

Àwa méjèèjì wà nínú ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ kan, obìnrin mẹ́fà péré. Ìgànná la máa ń pe àbúrò mi níbẹ̀. Ẹni tí kò bá gun kẹ̀kẹ́ rí lè máà mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá wa. Ẹni tó wà níwájú ló ń bá a jà. Ẹni tó bá fara mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí ń gbádùn tirẹ̀ ni. Nítorí náà la ṣe máa ń gba iwájú fún ara wa. Bó bá rẹ ẹni iwájú, á ju ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á yà díẹ̀ sósì, ẹni ẹ̀yìn á sì kọjá lọ gba iwájú. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìgbọ̀nwọ́ ti sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ti àbúrò mi yàtọ̀. Bí ìdíje bá ti ń parí lọ, iwájú ló máa ń wà, tí á máa já afẹ́fẹ́ fún mi títí á fi ku díẹ̀ ká dé ìlà. Nígbà náà ló máa ń ju ìgbọ̀nwọ́, tí èmi á sì yọ jáde lẹ́yìn rẹ̀ fìà, tí màá gba ipò kìíní. Ọdún méje la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ife mọ́kànlá ni mo ní. Òun ò ní ẹyọ kan. Àwọn èèyàn ní ẹsẹ̀ mi le. Irọ́ ni. Ẹ̀yìn àbúrò mi ló le.

Dókítà wá sọ fún un pé lọ́jọ́ Ọjọ́rú tó ń bọ̀ àwọn máa la orúnkún yẹn, àwọn á fi irin sí i. Ó máa rìn o, ṣùgbọ́n ìdíje ti parí. Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Ọjọ́rú yẹn la wakọ̀ lọ sí ìlú tí wọ́n ti máa ṣe ìdíje ọlọ́jọ́ méjì. A gba yàrá kan, ibùsùn mẹ́ta fún èèyàn mẹ́fà, kẹ̀kẹ́ wa tò sí ara ògiri, kò síbi téèyàn ń gbẹ́sẹ̀ sí. Télọ̀, tó jẹ́ olórí wa, dìde láàárín yàrá.

"Ẹ gbọ́ o," ó ní, "lọ́la, gbogbo wa la máa ṣe ìgànná fún Ìgànná. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣáájú ẹ̀ dé ìlà."

Àbúrò mi ń fi òróró pa orúnkún rẹ̀. "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ẹ̀gbọ́n mi ló mọ̀ ọ́n sá."

"Pa ẹnu ẹ dé," mo ní. "Ìwọ lo máa gbé ife yẹn. Mo búra."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, tí àwọn yòókù ti ń jà lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ wẹ̀, ó rọra sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yìn yín ni mo máa ń rí tí mo bá dé ìlà. Ó kàn wù mí kí n rí ìlà náà gan-an lẹ́ẹ̀kan." Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta dé. Aago méje ni wọ́n ní ti obìnrin máa bẹ̀rẹ̀. A múra, a dúró. Aago mẹ́jọ, ó di mẹ́sàn-án. Ọkùnrin kan tó gbé gbohùngbohùn dání, ikùn níwájú, fèrè lọ́rùn, ló ń darí ètò. Ó ní ti ọkùnrin ló kàn ná. Ó tún ní àwọn ti gé ti obìnrin kù, pé ká má baà kú sójú títì fún òun. Mo lọ bá a.

"Ẹ fara balẹ̀, màmá," ó ní. "Ṣebí ẹ kàn wá najú ni."

"Najú? Ta ló wá najú? Bàbá ẹ ló wá najú!"

Télọ̀ ló fà mí kúrò níbẹ̀. Orí mi ti gbóná, ó sì gbóná bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi fọn fèrè fún wa lọ́sàn-án gangan, nígbà tí afẹ́fẹ́ ti wá le. Ìbínú ló ń gun kẹ̀kẹ́ yẹn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe èmi.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, a ṣe é dáadáa. A fi Ìgànná sáàárín, a ń gba iwájú fún ara wa, afẹ́fẹ́ kankan ò kàn án. Òkè àkọ́kọ́ dá àwọn ẹgbẹ́ mìíràn dúró sẹ́yìn. Òkè kejì dá mẹ́ta dúró sẹ́yìn nínú tiwa. Télọ̀ fà wá dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ó ju ìgbọ̀nwọ́, ó ní, "Ẹ gbé e lọ, ọmọ ìyá!" Ló bá ku àwa méjì. Mo bojú wẹ̀yìn, ẹni tó sún mọ́ wa jù nínú àwọn tó kù jìnnà gan-an.

Èmi ni mo wà níwájú. Mo fẹ́ fà á débi tó súnmọ́ ìlà, kí n wá yà fún un. Ṣùgbọ́n kó tó dé bẹ́ẹ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: "Ẹ sinmi díẹ̀." Ó ti gba iwájú. Mo bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Kò burú. Ohun tó kù fún mi kò ju kí n jókòó sórí kẹ̀kẹ́ mi, kí n sì máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ọmọ ọwọ́ lè ṣe é.

A ti ń rí ìlà. Ìgbà náà ni ọkùnrin yẹn gbé ohùn sókè nínú gbohùngbohùn: "Ẹ wo àwọn màmá wa tí wọ́n ń bọ̀ jẹ́jẹ́ o!" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ ru sí mi lórí. Mo ń wo ẹ̀yìn àbúrò mi, mo sì rí ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó jù ú. Ó yà díẹ̀ sósì.

Mo kọjá.

Mo ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí n tó rántí pé kò sí ẹlòmíràn lórí títì yẹn tí mo lè borí ju ọmọ ìyá mi lọ.

Ó dé, ó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi." Lẹ́yìn náà ló wo apá ara rẹ̀. "Áà. Mi ò mọ̀ pé mo jù ú o."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo pariwo mọ́ ọn! Lójú gbogbo ayé! "Ta ló ní kí o ju ìgbọ̀nwọ́? Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́? Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Télọ̀ ló dá mi lóhùn nígbà tó dé, òógùn bò ó lójú.

"Òun ju ìgbọ̀nwọ́," ó ní. "Ìwọ ńkọ́? Ta ló ní kí o kọjá?"

Nígbà tí wọ́n gbé ife fún mi, mo gbé e padà lọ bá ọkùnrin gbohùngbohùn, mo ní àṣìṣe ni, àbúrò mi ló ni ín. Ó ní, "Màmá, táyà yín ló kọ́kọ́ kan ìlà." Mo jù ú sórí tábìlì rẹ̀, mo lọ. Àbúrò mi ló tẹ̀ lé mi, tó he é, tó fi táwẹ́ẹ̀lì wé e. Lọ́jọ́ kejì orúnkún rẹ̀ wú, kò ṣeé tẹ̀. Ẹ̀bá títì ló dúró sí, tó ń nawọ́ omi sí àwọn tó kù. Èmi ò gun kẹ̀kẹ́ kankan. Inú mọ́tò ni mo jókòó sí, mo ń bínú sí gbogbo èèyàn: ọkùnrin yẹn, Télọ̀, afẹ́fẹ́, ìyá wa tó ti kú pàápàá. Ṣé ẹ rí ìyá wa yẹn, "Àìfàgbà fẹ́nìkan ni ò jẹ́ káyé gún" ni orin rẹ̀ nílé wa. Ẹ̀gbọ́n ẹ ló kọ́kọ́ ni ín, ẹ̀gbọ́n ẹ ló kọ́kọ́ jókòó, dìde fún ẹ̀gbọ́n ẹ. Ó kọ́ àbúrò mi títí ó fi wọ̀ ọ́ léegun. Kò sọ fún èmi rárá pé àgbà náà lè dúró sẹ́yìn.

Wọ́n la orúnkún náà lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó jí. Ó fọwọ́ kan etí aṣọ ibùsùn, ó ní, "Ẹ̀rọ kẹta ló fọ eléyìí. Kì í fún un gbẹ." Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wá, ó ní kó rìn dé ilẹ̀kùn ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró ni. Ó ń gbé irin, ó ń gbé ẹsẹ̀, èmi wà lẹ́yìn. Ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ bọ̀ wá dúró lẹ́yìn mi, ó ń pòṣé.

Ni àbúrò mi bá ju ìgbọ̀nwọ́. Ó fẹ́ yà sósì, sí ara ògiri. "Ẹ kọjá, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹsẹ̀ mi ò yá."

Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. "Mi ò kọjá."

"Ẹ̀ ń dí ọ̀nà fún wọn."

"Mo ní mi ò kọjá! Máa lọ!" Mo yíjú sí ọkùnrin oúnjẹ. "Ìwọ náà, pòṣé lẹ́ẹ̀kan sí i kí o rí nǹkan!"

Àbúrò mi wò mí díẹ̀. Ó padà sáàárín ọ̀nà. Ó gbé irin, ó gbé ẹsẹ̀, ó sinmi, ó tún gbé e. Ó pẹ́ gan-an. Ṣòkòtò mi kan kẹ̀kẹ́ oúnjẹ lẹ́yìn, mi ò kúrò. Nígbà tó dé ìdí ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, ó sì dúró, ó ń wo pákó ilẹ̀kùn náà bí ẹni pé kò rí ilẹ̀kùn rí.

Ó wá bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin lẹ ṣe ìkejì."