Ẹni Tó Bẹ̀rẹ̀ Eré

Bí ẹ bá bi télọ̀ tó wà ní ìkángun àdúgbò léèrè irú ènìyàn tí Ìyá Eléré jẹ́, yóò dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ kó tó sọ pé òun kò tíì rí òṣìṣẹ́ bí i tirẹ̀ rí. Bí ẹ bá bi ẹ̀gbọ́n Ìyá Eléré, yóò ní ọ̀lẹ tó gbọ́n ni: àgbàlagbà obìnrin tó ń gbowó oṣù nídìí eré ọmọdé. Yàrá kan náà tó ti ń ṣiṣẹ́ sì làwọn méjèèjì ń sọ.

Ẹ̀yìn ilé ìwé kan ni yàrá ọ̀hún wà. Páálí ni káńtà ṣọ́ọ̀bù, àga tí wọ́n tò tẹ̀léra ni bọ́ọ̀sì, kàlẹ́ńdà àtijọ́ tí wọ́n gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sì ni owó. Níbẹ̀ ni Ìyá Eléré ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ọpọlọ wọn ń gba ọ̀nà tirẹ̀ bí a ṣe ń rajà tí a ń gba ṣéńjì, àti bí a ṣe ń sọ pé "mi ò fẹ́" láìsunkún. Nítorí pé ẹni tí eré kò bá ti rọ̀ lọ́rùn a máa fẹ́ tú u ká, ó ṣe òfin kan tó dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀: ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ eré nìkan ló lè ní ó parí. Òun ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ọmọ télọ̀, ọmọbìnrin kan tó ti kúrò lọ́mọdé, gba òfin náà gbọ́ ju ẹni tó ṣe é lọ. Nígbà tó ríṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì, Ìyá Eléré sìn ín débẹ̀ láàárọ̀, ó sì fẹ̀rín sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ó yá, eré bẹ̀rẹ̀." Ó kàn fi kì í láyà ni. Nírọ̀lẹ́, gbogbo òṣìṣẹ́ ti ń lọ sílé, ọmọ télọ̀ ṣì ń ká ọ̀rá búrẹ́dì pọ̀. Ẹ̀bẹ̀ kò ràn án. Ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Eléré, tó wá sọ pé eré parí, ló tó bọ́ épírọ́ọ̀nù, tó kí gbogbo ènìyàn, tó sì lọ.

Báyìí ni Ìyá Eléré di kọ́kọ́rọ́ ilé búrẹ́dì. Òun ní í ṣí i láàárọ̀, òun ní í tì í nírọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ tirẹ̀ bímọ ní ìlú tó jìnnà, ó sì pè é lórí fóònù.

"Màmá, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

"Mo ń bọ̀."

"Ẹ ti ń bọ̀ látìgbà tí mo ti lóyún. Bóyá kí n wá forúkọ sílẹ̀ ní yàrá yín, kí n lè máa rí yín."

Ìyá Eléré lọ bẹ ọ̀gá ilé búrẹ́dì pé kó máa bá òun parí eré. Nírọ̀lẹ́, ọ̀gá wúkọ́, ó nàró bí ọlọ́pàá, ó ní, "Eré parí o."

Ọmọ télọ̀ wò ó tàánútàánú. "Ọ̀gá, ẹ̀yin kọ́ lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

"Ọ̀gá," ni òṣìṣẹ́ kan wí, "wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Eléré bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó lè ní òfin náà kì í ṣe òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu kan náà ló fi kọ́ ọmọ yìí pé kó dúró bí iná títì bá pọ́n. Bí ọ̀kan bá já sí irọ́, èwo ni ọmọ náà yóò tún gbà gbọ́?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ télọ̀ so épírọ́ọ̀nù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ìṣe rẹ̀, ó ń wo ẹnu olùkọ́. Ìyá Eléré la ẹnu, ó tún pa á dé. Ní gbogbo ọdún tó ti lò nínú yàrá yẹn, kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn bẹ̀rẹ̀ eré rí.

"Ọmọ mi," ló wí fún un, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, "bá mi ṣe nǹkan kékeré kan, jọ̀ọ́. Lónìí, ìwọ ni kó o bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."