Tíṣà Wolting àti Ọjọ́ Ìbí Fenna

Gbogbo àgbà abúlé wa ló bá àwọn Jámánì jà nígbà tí wọ́n gba ilẹ̀ wa. Ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Bó bá jẹ́ òótọ́, mi ò mọ ẹni tó ń ta mílíìkì fún àwọn Jámánì náà. Àmọ́ ti Jantina Wolting, tíṣà kíláàsì kẹta, ní ẹlẹ́rìí.

Lọ́dún 1944, òun ló ń tọ́jú káàdì tí wọ́n fi ń gba oúnjẹ nígbà ogun fún àwọn Júù mẹ́sàn-án tó fara pamọ́ sáwọn oko ìtòsí. Ọmọbìnrin kan, Fenna, ló ń fi kẹ̀kẹ́ wá gbà á lọ fún wọn. Kí Tíṣà má baà gbàgbé ọjọ́ tí Fenna máa wá, ó kọ orúkọ rẹ̀ sórí kàlẹ́ńdà tá à ń kọ ọjọ́ ìbí mọ̀lẹ́bí sí, tí gbogbo wa máa ń gbé kọ́ sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọgbọ́n ńlá. Ó kàn gbàgbé pé àlejò náà máa ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀.

Nígbà tọ́jọ́ pé, aládùúgbò rẹ̀, Roelfien, kó èèyàn mẹ́wàá dé. Geert ọlọ́pàá, tó ń bá àwọn Jámánì mú èèyàn, wà nínú wọn.

"Tíṣà, ẹ kú oríire ọjọ́ ìbí Fenna. Ẹ ò tiẹ̀ sọ fún wa. Ọpẹ́lọpẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín. Ọmọ ta ni?" Roelfien béèrè.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni," Tíṣà ní.

Wọ́n jókòó yí pálọ̀ ká, wọ́n ń retí kéèkì. Fenna wọlé. Wọ́n kọrin fún un. Ó bọ gbogbo wọn lọ́wọ́, títí kan Geert. Tíṣà ò rí ọ̀nà míì. Ó fi bébà wé àwọn káàdì náà, ó gbé e fún un.

"Ẹ̀bùn ẹ nìyí. Tètè máa lọ kójò tó dé."

"Kó lọ kẹ̀? Kó tú u ká rí i," Roelfien ní. "Àbí àjèjì ni wá?"

Geert dìde, ó nawọ́. "Mú un wá, kí n bá ẹ tú u."

"Geert." Tíṣà ò pariwo. "Ta ló ní kó o dìde?"

"Ẹ má bínú, Tíṣà."

"Jókòó. Káwọ́ gbera."

Geert jókòó, ó káwọ́ gbera. Roelfien àtàwọn mẹ́sàn-án yòókù náà káwọ́ gbera. Tíṣà ló kọ́ gbogbo wọn ní kíláàsì kẹta. Fenna ti gbé ẹ̀bùn náà gun kẹ̀kẹ́ lọ. Àwọn Júù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jẹun lóṣù yẹn.

Lẹ́yìn ogun, wọ́n gbé Geert lọ sílé ẹjọ́. Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ jókòó ni, kí Fenna lè ráyè lọ. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ó ní kí Tíṣà fọwọ́ sí i.

Tíṣà kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé: "Ó jókòó torí mo ní kó jókòó. Láti kékeré ló ti máa ń gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni."