Náílọ́ọ̀nù Abẹ́ Bàbà

Olóòtú ń retí ìròyìn mi, kọ̀ǹpútà mi sì ń gbóná títí tó fi ń kú. Àǹtí tó ń bá mi tún un ṣe ní Ṣógúnlé de irin bàbà tuntun mọ́ ọpọlọ rẹ̀, kó lè máa fa ooru kúrò lára rẹ̀. Iṣẹ́ náà wù mí: bàbà fẹ́lẹ́ bí ewé, fáànù orí rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Kọ̀ǹpútà tún kú.

"Ayédèrú ni bàbà yìí!" ni mo pariwo.

Àǹtí tú irin náà, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi bò ó láti ilé iṣẹ́ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Bọ̀dá, èmi ni mo fi í sílẹ̀! Bí a ṣe ń fi í sílẹ̀ lára àga tuntun nílé nìyẹn, kí nǹkan má baà ha á."

"Àǹtí, ẹ wọ ẹ̀wù òjò fún bàbà!"

Ó ṣí náílọ́ọ̀nù náà kúrò, ó sì de irin náà padà. Kọ̀ǹpútà tutù nini. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí n lè tẹ ìwé dáadáa, ṣùgbọ́n ìròyìn mi dé ọwọ́ olóòtú.